Ọjọ́rú: Mo Kó Kúrò, Nọ́ńbà Mi Bá Mi Lọ

Ó ti bọ́ sí i. Láti àárọ̀ òní, nọ́ńbà fóònù tí mo ti ń lò láti ọdún tí mo gba firídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi ti kúrò lábẹ́ iléeṣẹ́ tó ta á fún mi, ó ti bọ́ sábẹ́ òmíràn. Nọ́ńbà ò yí, ẹyọ kan ò yẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kò yẹ kó ju wákàtí 48 lọ ni mo ti ń fà láti ẹ̀yìn Iléyá. Ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ yìí kí n tó sùn.

Kì í ṣe pé mo bá wọn jà. Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì ni. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní àdúgbò Challenge, níbí ní Ìbàdàn, nísàlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sódò. Tẹ́lẹ̀, fóònù ń gbé níbẹ̀. Nígbà tó yá, àfi kí n jáde lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà kí ọ̀pá kan tó yọ lójú fóònù. Oníbàárà á dé, á ní, “Àǹtí, mo pè yín títí, wọ́n ní ẹ ti pa fóònù yín.” Fóònù tí n kì í pa! Ìyá kan tí mo ti ń ránṣọ fún láti ìgbà tí àkọ́bí rẹ̀ wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, nígbà tí ìgbéyàwó ọmọ náà dé, ẹlòmíràn ló kó aṣọ ẹbí fún. Ó ní òun pè mí pè mí, òun ò rí mi, òun rò pé mo ń sá fún òun ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìwà aránṣọ nígbà ọdún, ẹ mọ̀ pé kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn kó yé e.

Owó náà tún gorí ẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó ìpè àti dátà. Kò sí ẹni tí kò fi lé e, n ò lè torí ìyẹn bínú sí ẹnì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n tí mo bá máa san owó tó pọ̀ tó báyìí, ó yẹ kí ìpè wọlé.

Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló fún mi ní ìmọ̀ràn kan náà: “Lọ ra símù mìíràn. Fóònù rẹ ṣáà ń gba méjì.” Mo sì gbà pé ìdí nìyẹn tí pọ́ọ̀tù, ìyẹn kéèyàn gbé nọ́ńbà rẹ̀ kúrò lábẹ́ iléeṣẹ́ kan lọ sábẹ́ òmíràn, ò fi gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwa ti wá ọgbọ́n tiwa kí òfin tó dé. Fóònù onísímù méjì ló kún ọwọ́ gbogbo ènìyàn, ọ̀kan fún ìpè, ọ̀kan fún dátà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dẹ̀ díẹ̀ á tún ní fóònù kékeré kan nínú báàgì fún ìgbà tí méjèèjì bá kú. Èèyàn ò ní bá nẹ́tíwọ̀kì kankan jà, á kàn yí ojú sí èkejì. Àwọn iléeṣẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkàn wọn sì balẹ̀: kò sẹ́ni tó ń fi wọ́n sílẹ̀ ní tòótọ́.

Ọgbọ́n yẹn ò bá tèmi mu. Nọ́ńbà mi ni wọ́n kùn sára pátákó ìta. Òun ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ sára nílọ́ọ̀nù tí mo ń kó aṣọ sí, ẹrù rẹ̀ sì ṣì wà lábẹ́ tábìlì. Orí rẹ̀ ni báǹkì ń fi kọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí, òun ló so mọ́ NIN mi. Màmá mi ní Ìṣẹ́yìn ò kàwé, ṣùgbọ́n ó ti há nọ́ńbà náà sórí. Ọmọdé yòówù tó bá wà nítòsí ló máa ń kà á fún pé kó bá òun tẹ̀ ẹ́, bó bá sì ṣì í tẹ̀, á ní kó pa á kó tún un bẹ̀rẹ̀. Ta ló fẹ́ lọ bá ìyá yẹn pé nọ́ńbà ti yí padà?

Bí mo bá sì ní kí n pa á tì ńkọ́? Símù tí èèyàn ò fi ṣe ohunkóhun tó ń pa owó wọlé fún oṣù mẹ́fà, iléeṣẹ́ lè tì í pa. Bó bá tún lo oṣù mẹ́fà mìíràn bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni í, kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíràn. Ẹ fojú inú wò ó. Ọmọ ẹlòmíràn níbi tí n ò mọ̀ á máa gba kọ́ọ̀dù báǹkì mi, màmá mi á máa pè é ní Àbẹ̀kẹ́.

Àwa tí a ti gbọ́njú nígbà tí GSM dé ní 2001 mọ ohun tí nọ́ńbà ń jẹ́. Símù nìkan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà ni. Ìṣẹ́jú kan, náírà 50, bó o bá sì kàn sọ pé “ẹ ǹlẹ́ o” tó o pa á, odindi ìṣẹ́jú ni wọ́n máa gé, títí Glo fi dé ní 2003 tí wọ́n ní ìṣẹ́jú-àáyá làwọn fẹ́ máa kà. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí tiẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0802 tàbí 0803, bó ṣe ń ka nọ́ńbà fúnni yàtọ̀. Àwọn kan ṣì ń fi í yangàn títí dòní. Mo ní ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ aránṣọ wa tó jẹ́ pé kó tó dárúkọ ara rẹ̀, o ti mọ ọdún tó ra símù.

Ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2013 ni NCC ṣí ìlẹ̀kùn pọ́ọ̀tù. Mo rántí rẹ̀ nítorí Saka. Hafiz Oyetoro, aláwàdà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Saka, tó ti ń polówó fún Etisalat, ṣàdédé bọ́ sọ́dọ̀ MTN, ó gbé yẹ́lò wọ̀, ó ń jó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìlú dàrú fún ẹ̀rín. Lójú mi nígbà yẹn, bí yóò ṣe rọrùn fún gbogbo wa nìyẹn, bí ẹni bọ́ aṣọ kan tó wọ òmíràn. Àmọ́ ti Saka, wọ́n sanwó fún un kó tó kọjá. Èmi ni mo ń wọ ọkọ̀ lọ, tí mo ń wọ ọkọ̀ bọ̀.

Bí ètò náà ṣe rí nìyí. O ò ní padà lọ tọrọ àyè lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó o fẹ́ fi sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ èyí tó ò ń lọ bá ni wàá gbé fóònù àti ìwé ìdánimọ̀ rẹ lọ. Wọ́n á ní kó o kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n á fún ọ ní símù tuntun, wàá wá ti orí símù àtijọ́ fi PORT ránṣẹ́ sí 3232. Ìyókù di ọ̀rọ̀ àárín iléeṣẹ́ méjèèjì. Owó tó bá kù lórí símù àtijọ́ ò ní bá ọ lọ, nítorí náà kó o pè é tán. Àbúrò mi tó wà ní London ní tiwọn yàtọ̀: láti oṣù keje ọdún 2019, PAC ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí 65075, iléeṣẹ́ tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa fi kọ́ọ̀dù ránṣẹ́ padà, òun ni wọ́n á mú tọ ti tuntun lọ, ọ̀rọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan ni. Mo rò ó títí, lórí ìwé, tiwa ló wù mí jù. Ta ló ń bẹ ọkọ tí òun ń kọ̀ sílẹ̀ pé kó bá òun di ẹrù?

Lórí ìwé ni mo wí o.

Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹni tuntun ní Ring Road kí mi dáadáa. “Ẹ káàárọ̀ mà. Símù tuntun lẹ fẹ́ rà?” Mo ní rárá, pọ́ọ̀tù ni mo fẹ́ pọ́ọ̀tù wọlé. Ó wò mí. Ó yíjú sí èkejì rẹ̀, ó ní, “Ṣé fọ́ọ̀mù pọ́ọ̀tù ṣì wà?” Ìyẹn wọ inú yàrá lọ, ó pẹ́ kó tó jáde, ìwé tó mú wá ti kó eruku. Mo kọ ọ́. Mo fi PORT ránṣẹ́. Wọ́n dá mi lóhùn pé wọ́n ti gba ẹ̀bẹ̀ mi. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ dé: wọn ò gbà, oníbàárà jẹ gbèsè.

Gbèsè kẹ̀? Mo tẹ kọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń wo ohun téèyàn yá, ó ní n ò jẹ kọ́bọ̀. Mo pe àwọn oníṣẹ́ wọn. Orin ń dún, ẹ tẹ ení, ẹ tẹ èjì, ẹ dúró, ìpè yín ṣe pàtàkì sí wa. Ọmọkùnrin kan gbé e nígbẹ̀yìn. Ó wò ó, ó ní, “Mà, ẹ ò jẹ gbèsè kankan níbí.” Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi kọ̀? Ó ní, “Sístẹ́ẹ̀mù ni, mà.” N ò tíì rí ẹni tó ń jẹ́ Sístẹ́ẹ̀mù rí, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí mo bá lọ ní orílẹ̀-èdè yìí ló ti máa ń ṣe mí níbi. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti yí ohùn padà. “Kí ni a ṣe fún yín, mà? A lè bá yín fi dátà oṣù kan sí i, ọ̀fẹ́ ni.” Mo ní ọmọ mi, ó ṣeun, ibi tí mo jókòó sí yìí, dátà yẹn ò ní rí mi.

Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ló ní kí n pe 622, nọ́ńbà tí NCC fi ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà, ọ̀fẹ́ sì ni. Obìnrin tó gbé e fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó wá bi mí pé nọ́ńbà ẹjọ́ wo ni iléeṣẹ́ náà fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ fún wọn. Kò sẹ́ni tó fún mi ní nǹkan kan! Ó ní ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ni ẹjọ́ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí n padà lọ gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni mo tún jókòó ti orin yẹn, tí mo sì sọ fún ẹni tó gbé e pé n ò sọ ohun mìíràn, nọ́ńbà ẹjọ́ ni mo fẹ́. Ẹ wò ó, ohùn wọn yí padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe irú èyí, ẹ kọ́kọ́ gba nọ́ńbà ẹjọ́ o, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára ògiri bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí mo gbé e padà fún 622, ọ̀rọ̀ gbèsè yẹn kò tún jẹ yọ. Mo tún fi PORT ránṣẹ́, wọ́n gbà.

Láàárọ̀ òní, mo ń gé apá búbá lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kígbe pé, “Ọ̀gá, fóònù yín ti kú!” Lóòótọ́, gbogbo ọ̀pá ti lọ, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí iṣẹ́. Mo fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún ihò kékeré ẹ̀gbẹ́ fóònù, àwo símù yọ síta, mo mú ti àtijọ́ kúrò, mo ti tuntun bọ̀ ọ́. Ó ń wá, ó ń wá. Àwọn ọmọ dúró yí mi ká, ẹ̀rọ kankan ò sì dún. Ọ̀pá mẹ́ta yọ, nínú ṣọ́ọ̀bù, lórí tábìlì!

Bàbá tó ń hun òfì fún mi ní Ìṣẹ́yìn ló kọ́kọ́ pè, òun ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Owó òwú ló bá dé, ó ti tún lé. WhatsApp náà ò mira, nítorí nọ́ńbà ló mọ̀, kò mọ nẹ́tíwọ̀kì. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán, oníbàárà kan tó fẹ́ fi ríṣáàjì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní kò wọlé. Áàpù báǹkì rẹ̀ wo ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà mi, ó gbé owó náà lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ àtijọ́, wọ́n dá a padà fún un. Mo ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan nẹ́tíwọ̀kì, ó lọ. Màá máa ṣàlàyé èyí fún ènìyàn títí ọdún á fi parí.

Ní ìrọ̀lẹ́, ta ló pè? Iléeṣẹ́ àtijọ́. Ọmọbìnrin kan ni, ohùn rẹ̀ dùn, wọ́n fẹ́ mọ ohun tó lé mi lọ. Mo ní, “Ṣé ò ń gbọ́ mi?” Ó ní ketekete ni, mà. Mo ní ohun tó lé mi lọ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi wọ́n sọ́kàn. Nígbà tí ètò yìí bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ti kọjá ò lè tún kọjá kí 90 ọjọ́ tó pé. N ò bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣì rí, torí n ò ní í lò ó.

Ohun tó kù ni báǹkì. Láti ọ̀sán ni mo ti ń retí kọ́ọ̀dù wọn kí n fi sanwó òwú fún bàbá, kò dé. Ọmọ iṣẹ́ tó dàgbà jù ni yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́la, mo ti fún un ní kọ́kọ́rọ́. Èmi á gba báǹkì kọjá, bí wọ́n bá sì ní sístẹ́ẹ̀mù ni, nọ́ńbà ẹjọ́ ni n óò kọ́kọ́ béèrè.