Ọwọ́ Tó Ń Tẹni Bọmi

Ọjọ́ Àìkú, lálẹ́.

A lọ sódò láàárọ̀ yìí. Èèyàn mẹ́fà ló ṣe ìrìbọmi. Mama kan tó ti lé ní 70 ọdún ló gbẹ̀yìn. Nígbà tí omi mu wọ́n dé ìbàdí, wọ́n di apá aṣọ pásítọ̀ mú gírígírí. Pásítọ̀ fi ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn ọrùn mama, wọ́n fi ìkejì bo imú mama. Ọwọ́ yẹn ni mo ń rò láti ìgbà tí mo ti délé.

Nínú òfin àwọn Júù, ẹni tó bá di aláìmọ́, ara rẹ̀ ló ń wẹ̀ fúnra rẹ̀. Náámánì, ọ̀gágun Síríà tó dẹ́tẹ̀, fúnra rẹ̀ ló ri ara rẹ̀ bọ odò Jọ́dánì lẹ́ẹ̀meje. Àfi ìgbà tí Jòhánù dé, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ èèyàn bọmi, tí wọ́n fi ń pè é ní Onítẹ̀bọmi. Jésù pàápàá rìn láti Gálílì lọ bá a. Jòhánù kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ó ní òun gan-an ló yẹ kí Jésù ṣe é fún.

Mo ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8. Ìwẹ̀fà ará Etiópíà rí omi lójú ọ̀nà Gásà, ó béèrè ohun tó ń dá òun dúró. Mo ti ka ibẹ̀ àìmọye ìgbà, ẹsẹ 38 ò sì yé mi tó báyìí rí: òun àti Fílípì tó ń wàásù fún un, àwọn méjèèjì ló sọ̀ kalẹ̀ sínú omi. Omi wà níwájú rẹ̀, síbẹ̀ kò dá wọ̀ ọ́. Onítúbú inú orí 16, tó ń ṣọ́ àwọn àpọ́sítélì lẹ́wọ̀n, ńkọ́? Òun ló kọ́kọ́ wẹ ọgbẹ́ ẹgba lára Pọ́ọ̀lù àti Sílà lóru, kí wọ́n tó wá tẹ òun àti ará ilé rẹ̀ bọmi.

Àríyànjiyàn bóyá títẹni bọmi ni àbí wíwọ́n omi síni lára, mi ò dá sí i lónìí. Dídákè, ìwé ìlànà àwọn ìjọ àkọ́kọ́, ní kí wọ́n lo omi tó ń ṣàn. Bí omi ò bá tó, kí wọ́n da á síni lórí lẹ́ẹ̀mẹta. Kò síbi tó ti ní kéèyàn da á sí ara rẹ̀ lórí.

Nínú Róòmù 6, Pọ́ọ̀lù ní a sin wá pẹ̀lú Kristi nínú ìrìbọmi. Òkú wo ló ń sin ara rẹ̀? Pọ́ọ̀lù kúkú mọ ohun tó ń sọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi ríran ní Dámásíkù, kí Ananáyà, ọmọ ẹ̀yìn Jésù kan níbẹ̀, tó gbọ́wọ́ lé e, tó pè é ní arákùnrin, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bọmi. Irú àwọn onígbàgbọ́ bí Ananáyà yìí gan-an ni Pọ́ọ̀lù wá dè nílùú náà.

Mama jáde nínú omi, wọ́n ń húkọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. A ti dé etí odò tán kí wọ́n tó jọ̀wọ́ apá aṣọ pásítọ̀.