Martini-Henry màmá ilé kejì

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, màmá Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbé ilé tó kángun sí tèmi wá kan ilẹ̀kùn. Ọkọ wọn ti di olóògbé, wọ́n sì ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ìbọn kan wà nínú àjà, bùláńkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi wé e. Ẹni tó tà á fún ọkọ wọn láyé ọjọ́un sọ pé ìbọn náà wà ní Rorke's Drift ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti wàákò pẹ̀lú àwọn Zulu. Màmá ní kí n bá àwọn wo ohun tó lè pa wọlé, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìbọn àtijọ́ kì í sú mi.

Kí n tó jáde nílé ni mo ti bi wọ́n bóyá irin kan wà lápá ọ̀tún rẹ̀ tí wọ́n ń fà sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń tì síwájú. Irú ìyẹn ni Lee-Enfield, ọta .303 ló ń jẹ, ẹni tí kò bá sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ sílé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Màmá ní kò sí. Wọ́n ní abẹ́ ni irin gígùn kan wà, pé bí àwọn bá fà á wálẹ̀, òkè ìbọn á là. Martini-Henry nìyẹn, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà fún àwọn ọmọ ogun wọn ní 1871. Martini ará Switzerland ló ni ọgbọ́n irin tó ń là yẹn. Alexander Henry ti Edinburgh ló ni ìlà méje tó lọ́ yípo nínú ihò rẹ̀.

Síbẹ̀, ọkàn mi ò tíì balẹ̀ tán, torí wọ́n yí àwọn Martini kan padà sí .303 nígbà tó yá. Mo wọn ẹnu ìbọn náà: ó lé díẹ̀ ní mìlímítà 11. Ọta rẹ̀ àtijọ́ náà ló ń jẹ, .577/450, èyí tó wà nínú àwọn ọta tí òfin kà sí ohun tó ti kógbá sílé. Bó bá ti jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n fi í ṣe, kò gba ìwé àṣẹ.

Mo wá gbé e lọ sójú fèrèsé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún: adé, V.R. (àmì orúkọ Ọbabìnrin Victoria), ENFIELD (ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́), 1879, II (Mark II, ìyẹn irú kejì). Lẹ́tà N ni mo kọ́kọ́ tẹjú mọ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ òkè Khyber, láàárín Pakistan àti Afghanistan, ti rọ ọ̀pọ̀ ìbọn tó jọ ti Gẹ̀ẹ́sì, N máa ń dojú kọ ẹ̀yìn lára àwọn mìíràn; òmíràn á gbé V.R. pẹ̀lú ọdún tí Ọbabìnrin Victoria ti wàjà, bẹ́ẹ̀ 1901 ni ìyá náà kú. Ti màmá yìí gún régé.

Nígbà tí wọ́n rí 1879, ojú wọn tàn: “Ọdún ogun náà gan-an!” Ó dùn mí láti sọ ọ́. Ọjọ́ 22 sí 23 oṣù Kíní 1879 ni ìjà Rorke's Drift. Ìbọn tí wọ́n tẹ ọdún yẹn sí lára ní Enfield, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kó wọ ọkọ̀ òkun, kó dé Natal, kó tún bá ẹsẹ̀ ọmọ ogun rìn dé ibẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Lórí irin ìdí ìbọn náà, lẹ́tà V wà níbẹ̀: ti àwọn Volunteers ni, àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò tó ń kọ́ iṣẹ́ ogun nílé láti dáàbò bo ìlú wọn. Mo sọ fún màmá pé èmi fẹ́ràn ìtàn yẹn ju ti ẹni tó ta ìbọn náà lọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́.

Àfi bí mo ṣe rí sáńdípépà àti ohun tí wọ́n fi ń mú irin dán lórí tábìlì. Wọ́n fẹ́ fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó tà á! Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Òǹtẹ̀ róbótó tó wà lára igi ìdí ìbọn, dúdú tó ti mọ́ irin lára, ohun tí olùrà ń wá nìyẹn, bó bá sì ti lọ, ó lọ nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n torí pé mo ti ṣe é rí. Snider, ìbọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣáájú Martini-Henry, ni ìbọn àkọ́kọ́ tí mo rà. Nítorí ogun Kíríjì ni mo ṣe rà á. Irú rẹ̀ ni àwọn Ekitiparapọ̀ fi kojú Ìbàdàn. Mo fi ọjọ́ méjì ha igi rẹ̀ títí ó fi ń dán, òǹtẹ̀ Enfield sì pòórá mọ́ mi lójú. Ó ṣì ń dùn mí bí mo bá gbé e.

Ní ti owó, mo ní kí wọ́n má wo iye tí àwọn olùtà ń pè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iye tí ẹnìkan san gan-an nílé gbàǹjo ni kí wọ́n wò, fún Mark II ti Enfield tí igi rẹ̀ ò tíì bọ́ sọ́wọ́ onísáńdípépà, kí wọ́n sì rántí pé ilé gbàǹjo á yọ tiwọn níbẹ̀. Ìtàn ogun tí kò ní ìwé kankan lẹ́yìn kì í fi pọ́n-ùn kan kún un.

Mo fi òróró díẹ̀ pa irin rẹ̀, mi ò fọwọ́ kan igi. Màmá mú ìwé tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé gbàǹjo jáde, wọ́n fi bírò fa igi lé “Zulu” lórí, wọ́n wá ní kí n bá àwọn pe Volunteers ní lẹ́tà-lẹ́tà kí àwọn má bàa ṣì í kọ.