Ọdún Voivod

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ti ń ka àṣeyọrí ọdún wọn, èmi ò rí nǹkan kan kà. Látìgbà tí ẹ̀gbọ́n ti ṣe ohun tí wọ́n ṣe lóṣù kẹta yẹn, gbogbo oṣù tó kù ti dà pọ̀ mọ́ra wọn lójú mi. Mo jẹun, mo ṣiṣẹ́, mo gbọ́ Voivod, ẹgbẹ́ olórin heavy metal ti Kánádà.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ló kó mi wọnú wàhálà yìí. Èmi tí mò ń gbọ́ orin mi jẹ́jẹ́, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n gbé àwo wọn, Dimension Hatröss ti 1988, sí i, mo ní ṣé sípíkà ló bàjẹ́ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ọmọ Jonquière ní Quebec ni àwọn yẹn, ariwo ilé-iṣẹ́ alúmíníọ́mù ni Away onílù wọn gbọ́ dàgbà, kí ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ, orin ìfẹ́?

Mo wá bẹ̀rẹ̀ láti War and Pain ti 1984, mò ń gbọ́ ọ bọ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Nothingface rèé, níbi tí wọ́n ti kọ orin Pink Floyd tó sì dùn ju ti olóhun lọ (ẹni tó bá bínú kó wá bá mi jà). Blacky oníbéèsì lọ, Snake akọrin lọ, ó ku Piggy onígìtá àti Away, wọ́n mú Eric Forrest mọ́ra, ọkọ̀ wọn tún ní jàǹbá ní Jámánì ní 1998, Forrest fara pa gan-an, ẹgbẹ́ míì á ti túká. Snake padà, Jason Newsted tó ti kúrò ní Metallica wá bá wọn ta béèsì, nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ni jẹjẹrẹ bá mú Piggy lọ. Oṣù kẹjọ 2005, ẹni ọdún 45.

Ibẹ̀ ni mo ti dá a dúró. Mo ní aṣọ tí mo fẹ́ fọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, àtèyí tó mọ́ ni mo fọ̀.

Torí Piggy ti gba gìtá sílẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀ kó tó kú, ó sì sọ bí àwọn tó kù ṣe máa rí i. Gìtá yẹn náà ni wọ́n fi ṣe àwo Katorz ní 2006 àti Infini ní 2009.

Àǹtí sì ti gbé fóònù ẹ̀gbọ́n fún mi. Tẹ̀gbọ́n ò létò bíi ti Piggy o, fáìlì kan ń jẹ́ "eyi dun", òmíì "eyi dun ju", òmíì "mi o mo". Wọ́n á kọ́kọ́ fẹnu ṣe é, jìn-jìn-jà-gàn, wọ́n á wúkọ́, wọ́n á ní "ó yá", gìtá á wá wọlé. Íápíìsì tí wọ́n fi gbà á, tèmi ni, wọn ò dá a padà títí wọ́n fi lọ, gbèsè yẹn ṣì wà nílẹ̀.

Àǹtí, ẹ ṣé. Ẹ̀yin tẹ́ẹ fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ tí mi ò fèsì, ẹ ṣé. Onílù ẹgbẹ́ wa náà ṣé, torí ìlù oníméje ṣì ń ṣe mí léṣe, ibi ẹẹ́fà ni mo ti máa ń já bọ́.

Ọmọ kan ti ń bá wa ta gìtá báyìí, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ló wò dàgbà. Orin Piggy ni Chewy onígìtá náà gbọ́ dàgbà kó tó wọlé sípò ẹ̀ ní 2008, wọ́n sì gba Juno, àmì-ẹ̀yẹ orin Kánádà, ní 2019 fún The Wake. Mi ò ní a máa gba nǹkan kan o, ká ṣì parí orin kan ná. "Mi o mo" la mú. Onílù ní ká gé ikọ́ yẹn kúrò, èmi àti ọmọ yẹn ní kò séwu, ó di méjì sí ọ̀kan, onílù ní màgòmágó ni. A ó tún dìbò ní Jánúárì.