Bí mo ṣe ń ra ẹran ní ilé bábékíù ní Houston, àti iye tí mo ń san

Ní Sátidé tó kọjá, mo tò sẹ́yìn tọkọtaya Yorùbá kan ní ilé bábékíù kan, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran tí wọ́n fi èéfín igi sun, ní apá àríwá Houston níbí, ní ìpínlẹ̀ Texas. Mo gbọ́ tí ìyàwó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ẹ ṣáà ní kí wọ́n bù ú fún wa ní oríṣiríṣi." Ohun tí ọkọ sì sọ fún ẹni tó mú ọ̀bẹ dání nìyẹn. Ẹni yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ó gé brisket, ìyẹn àyà màlúù, ó gé ẹfọ́nhà, ó kó sọ́sééjì lé e, ó tún gé tòlótòló. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ibi tí wọ́n ti ń sanwó, ó ti di 118 dọ́là. Ọkọ náà mú káàdì rẹ̀ dání, kò tètè nà án síwájú. Kò sẹ́ni tó rẹ́ wọn jẹ, iye gbogbo ẹran ló wà lára ògiri. Ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra, torí mo ti kó sí irú ẹ̀ rí, mo sì mọ̀ pé ìdajì owó yẹn ì bá bọ́ wọn yó.

Ọmọ Oǹdó ni mí, nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ti lo ọdún 11 ní ìlú yìí. Nílé wa, ọwọ́ bàbá mi ni àsun wà. Tọ́dún bá dé, àwọn ni wọ́n máa ń dúró ti ẹran ewúrẹ́ lórí iná, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gé e. Torí náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé bábékíù ní 2014, ó dá mi lójú pé mo mọ ẹran. Mo rí egungun ẹfọ́nhà màlúù kan, ó gùn tó apá mi láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ẹran orí rẹ̀ nípọn bíi Bíbélì inú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kọ 20 dọ́là síwájú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi ní méjì. Mi ò mọ̀ pé owó pọ́ùn kan ni 20 dọ́là yẹn. Àwọn egungun méjèèjì wọn pọ́ùn 2.8. Tí wọ́n fi máa ro owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà mọ́ ọn, ó lé ní 60 dọ́là, lọ́sẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ilé. Mo jẹ ọ̀kan níbẹ̀, kò sì gba ọ̀nà ọ̀fun mi dáadáa.

Ohun tó wá yé mi lẹ́yìn náà ni pé ilé bábékíù Texas kì í ṣe búkà. Ìsọ̀ alápatà ni. Ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ará Jámánì àti àwọn ará Czech tó ṣí wá sí àárín gbùngbùn Texas ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣí ìsọ̀ ẹran. Èyí tí kò bá tètè tà, wọ́n á fi èéfín sun ún kó má bàa bàjẹ́, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á fi pépà wé e fún oníbàárà. Títí dòní, orí pépà yẹn náà ni wọ́n ń kó ẹran lé fún wa, pẹ̀lú àlùbọ́sà, kùkúḿbà tí wọ́n rẹ sínú omi kíkan, àti búrẹ́dì funfun tí ọ̀pọ̀ wọn kì í gbowó rẹ̀. Ẹni tó bá ti jẹ súyà nínú ìwé ìròyìn tòun ti àlùbọ́sà rí, ibẹ̀ kò lè ṣàjèjì sí i.

Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe máa ń ṣe níwájú alápatà nílé. Ta ló ń dé ọ̀dọ̀ alápatà tó máa ní "ẹ fún mi lẹ́ran" tó máa wá dákẹ́? À ń nawọ́ sí i. À ń ní kó yí i padà. À ń sọ pé eegun ti pọ̀ jù níbí yìí, kó gé tọ̀hún. Tó bá gé e tán, à ń béèrè èènì. Ní ilé bábékíù, ẹ béèrè kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ tọ́ brisket wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa gé ṣóńṣó etí rẹ̀ tó dúdú fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ibẹ̀ gan-an ló sì dùn jù. Àwọn èèyàn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń tijú ẹni tó mú ọ̀bẹ yẹn, wọ́n rò pé àwọn tó tò sẹ́yìn ń kánjú. Àwọn tó tò sẹ́yìn ti dúró fún wákàtí kan, ìṣẹ́jú méjì tiyín ò ní pa wọ́n.

Brisket ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Ìpele ẹran méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan gun orí èkejì. Ti ìsàlẹ̀ rí pẹlẹbẹ, kò lọ́ràá púpọ̀, òun ni wọ́n ń pè ní "lean". Ti òkè lọ́ràá nínú, òun ni wọ́n ń pè ní "moist", àwọn mìíràn a ní "fatty". Ẹ ní kí wọ́n gé moist. Mo mọ̀ pé àwa tí a ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń sá fọ́ràá, iṣẹ́ mi sì ni láti máa kìlọ̀ ọ̀rá fáwọn èèyàn, ṣùgbọ́n ó sàn kẹ́ ẹ jẹ ègé moist méjì kẹ́ ẹ dúró, ju kẹ́ ẹ máa jẹ ègé lean márùn-ún tó gbẹ lọ. Àyà ni màlúù fi ń gbé ara rẹ̀ dúró, ẹran líle ni, okùn inú rẹ̀ kò lè rọ̀ ní wákàtí méjì. Wákàtí 12 sí 14 ló ń lò nínú èéfín igi oak, iyọ̀ àti ata dúdú nìkan ló sábà máa ń wà lára rẹ̀, títí okùn yẹn á fi yọ́ wọnú ẹran.

Ẹ mú ègé kan, ẹ fi ìka kan gbé e láàárín. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ wálẹ̀ lápá méjèèjì, kó má já. Tẹ́ ẹ bá wá fà á díẹ̀, kó já wọ́ọ́rọ́. Etí rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò orí iná igi, ata ń ta lára rẹ̀, ọ̀rá tó wà lábẹ́ dúdú yẹn sì rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Tó bá ń fọ́ kó tó dẹ́nu, ó ti pẹ́ jù lórí iná. Tó bá jẹ́ pé eyín lẹ fi ń jà á, kò tíì tó. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún ẹni tó ń gé e.

Nísàlẹ̀ dúdú yẹn, ẹ máa rí ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú kan. Ìyá mi wá kí wa ní 2022. Mo gbé ègé kan síwájú wọn, wọ́n wò ó, wọ́n rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹran yìí ò jinná. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀."

"Màámi, àtàná ló ti wà lórí iná."

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka kejì gbá ibi pupa yẹn mú, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò jáde, ọ̀rá ló jáde, ó mọ́ gaara. Wọ́n gbóòórùn ìka wọn. Ìyá mi ti ta ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ rí ní Òrè, kò sóhun tí èéfín lè ṣe sára ẹran tó máa ṣàjèjì sí wọn. Wọ́n ní, "Háà, èéfín ni." Wọ́n sì fa àwo padà sọ́dọ̀ ara wọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ: afẹ́fẹ́ kan tó wà nínú èéfín igi, nitric oxide, ló ń so mọ́ ohun tó mú ẹran pupa, àwọ̀ yẹn kì í sì í kúrò mọ́ bó ti wù kó jinná tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ẹran padà torí ẹ̀.

Lẹ́yìn brisket, sọ́sééjì ni. Ẹyọ ni wọ́n ń tà á, owó rẹ̀ kì í yà yín lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, torí àwọn kan ń po màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀. Ẹ má fojú di tòlótòló. Gbogbo wa la mọ tòlótòló Kérésì tó máa ń le, ṣùgbọ́n àyà tòlótòló tí wọ́n fi èéfín sun níbí, tí wọ́n fi bọ́tà pa lára, omi ṣì máa ń wà nínú rẹ̀ dọ́jọ́ kejì. Òun ni mò ń rà fún àwọn ọmọ. Ẹfọ́nhà ẹlẹ́dẹ̀ dáa, kí wọ́n ṣáà gé e láti àárín. Adìyẹ, ẹ lọ sun ún nílé.

Ẹfọ́nhà màlúù tó là mí lójú yẹn, ẹ má rà á láìjẹ́ pé ẹ pé mẹ́rin. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rà á, ẹ ní kí wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n kí wọ́n tó wé e.

Owó wá ńkọ́? Níbi tí mo máa ń lọ jù, brisket jẹ́ 34 dọ́là ní pọ́ùn kan báyìí, tòlótòló 28, sọ́sééjì 6 dọ́là ẹyọ kan, ẹ̀wà tàbí sàláàdì pòtétò 5 dọ́là abọ́ kékeré. Pọ́ùn kan kò tó ìdajì kílò, gíráàmù 454 ni. Èmi àti ọkọ mi máa ń ra ìlàjì pọ́ùn moist, 17 dọ́là. Ìdámẹ́rin pọ́ùn tòlótòló, 7 dọ́là. Sọ́sééjì kan tí wọ́n là sí méjì, 6. Abọ́ ẹ̀wà kan, 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35. Owó orí ìjọba ní Houston jẹ́ 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún, ó wá di 37 dọ́là àti sẹ́ǹtì 89. A máa ń yó. Ká ní àwo ẹlẹ́ran mẹ́ta, tí wọ́n máa ń gbé mákàrónì tì, ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa rà, 29 dọ́là lẹ́yọ, á lé ní 62 dọ́là, abọ́ mákàrónì oníṣíìsì méjì tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ á wá wà nílẹ̀. Owó mákàrónì yẹn lẹ ń san. Ẹ ra ẹran pẹ̀lú òṣùwọ̀n.

Mo gbọ́ tí àwọn ará wa ń sọ pé olè ni àwọn tó ń ta brisket ní 34 dọ́là. Mi ò gbà. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ ra brisket tútù kan, ẹ gé ọ̀rá tó pọ̀ lára rẹ̀ kúrò, ẹ sun ún, ẹ wọ̀n ọ́n: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀ tó ti lọ. Ẹ wá ro owó igi mọ́ ọn, àti ti ẹni tó jókòó ti iná mọ́jú. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ òru mọ iye tí òru ń gbà lára èèyàn. Màlúù fúnra rẹ̀ ti wọ́n. Ọ̀dá mú kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ta màlúù wọn. Ní oṣù kìíní 2024, mílíọ̀nù 87.2 ni màlúù tó wà ní gbogbo Amẹ́ríkà, títí di ìgbà yẹn, iye náà kò tíì kéré tó bẹ́ẹ̀ láti 1951.

Tí owó kò bá sí, ọ̀nà wà. Ẹ lọ sí ilé bábékíù àwọn aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ní àdúgbò Third Ward tàbí Acres Homes ní Houston níbí, ẹ ra búrẹ́dì tí wọ́n kó brisket gígé wẹ́wẹ́ sí nínú. Èyí tí mo jẹ gbẹ̀yìn, 9 dọ́là ni. Ọbẹ̀ bábékíù wà nínú rẹ̀ dáadáa, ó dùn, ó ta díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ jẹ ẹran lásán láìsí ọbẹ̀. Ọ̀nà tiwọn yàtọ̀ sí ti àwọn ará Jámánì, ó sì ní ìtàn tirẹ̀: ẹran yíyan wà nídìí ayẹyẹ Juneteenth, tí wọ́n fi ń rántí 19 oṣù kẹfà 1865, ọjọ́ tí wọ́n kéde òmìnira fún àwọn ẹrú ní Galveston, tí kò jìnnà sí wa níbí. Ó máa ń wú mi lórí láti náwó mi níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní àlejò láti ilé, tí ẹ sì ní ọjọ́ kan gbáko, ẹ gbé wọn lọ sí ìlú Lockhart. Ilé bábékíù Kreuz Market ti wà níbẹ̀ láti 1900, Black's láti 1932, ilé aṣòfin Texas sì fi ìlú náà ṣe olú ìlú bábékíù ìpínlẹ̀ yìí ní 1999. Ilé bábékíù mìíràn ni Snow's ní ìlú Lexington, ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n ń ṣí, láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Tootsie Tomanetz, ìyá àgbà tó ń sun ẹran níbẹ̀, tí wọ́n bí ní 1935, ló sọ ibẹ̀ di ìlú mọ̀ ọ́n ká. Ní ìtòsí wa, ilé bábékíù CorkScrew tó wà ní ìlú Spring gba ìràwọ̀ Michelin, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún ilé oúnjẹ, ní oṣù kọkànlá 2024. Tẹ́ ẹ bá ń lọ síbẹ̀, ẹ tètè jí, torí tí ẹran bá ti tán, ó tán nìyẹn.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ má gbé e sínú maikiroweefu, á le. Ẹ jẹ́ kó wà nínú pépà rẹ̀, ẹ gbé e sínú ààrò ní ìwọ̀n 250 Fahrenheit fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀sẹ̀ tí ìyá mi wà níbí, wọn ò dúró de ààrò. Wọ́n gé brisket tó ṣẹ́kù ní kéékèèké, tòun ti etí dúdú rẹ̀, wọ́n dà á sínú ẹ̀fọ́ rírò nígbà tí ata ti dín tán, wọ́n sì dé ìkòkò náà. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, mo ti ń gbóòórùn rẹ̀ láti ibi tí mo gbé mọ́tò sí. Wọ́n ti gún iyán sílẹ̀ dè mí.