Awò tí mo ń lò lórí kẹ̀kẹ́ ní ìdájí

Ọgbẹ́ ìgúnpá mi òsì ti jinná, àmọ́ àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Oṣù kìíní ni mo fara gbọgbẹ́ náà, ọyẹ́ mú gan-an. Aago mẹ́fà ààbọ̀ kọjá díẹ̀ ni mo gbé kẹ̀kẹ́ jáde ní Aṣerò, ní Abẹ́òkúta, mo dorí kọ ọ̀nà Kóbápẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Awò dúdú tí mo fi ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́sàn-án ni mo fi sójú nítorí eruku. Níbi tí igi ti ṣíji bo títì, táyà iwájú wọ kòtò kan tí ẹnu rẹ̀ ò ju ti abọ́ ọbẹ̀ lọ, mo sì bá ara mi nílẹ̀. Ìgbà tí mo ṣí awò kúrò lójú ni mo tó rí i. Kòtò náà wà níbẹ̀ gbangba, etí rẹ̀ ti jẹ, òkúta wẹ́wẹ́ pupa kún inú rẹ̀.

Ẹ lè ní kí n kúkú má lo awò láàárọ̀. Ẹni tí kòkòrò ti kó sí lójú rí níbi tó ti ń sáré bọ̀ láti orí òkè kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Eruku pupa tún wà, àti òkúta tí táyà ọkọ̀ oníyanrìn máa ń ta sẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń gun kẹ̀kẹ́, tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ìtọ́jú ojú, gba awò náà lọ́wọ́ mi, wọ́n yí apá rẹ̀ síta. Nọ́ńbà 3 ni wọ́n kọ síbẹ̀ wínníwínní.

"Àbúrò, ṣé o ti ka èyí rí?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n."

Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí jígí ń jẹ́ kó wọlé ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, láti 0 dé 4. Nọ́ńbà 3 máa ń jẹ́ kí ìdá 8 sí 18 nínú 100 dé ojú. Ìyẹn dára fún ọ̀sán gangan lórí Olúmọ. Ní àfẹ̀mọ́jú tí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ò tíì tó nǹkan, ńṣe ni mo fi aṣọ bo fìtílà. Nọ́ńbà 0 ń gba ìdá 80 sókè wọlé, nọ́ńbà 1 ń gba 43 sí 80, nọ́ńbà 2 ń gba 18 sí 43. Nọ́ńbà 4 ṣókùnkùn débi pé a kò gbọdọ̀ fi wakọ̀ rárá. Látọjọ́ náà, kí n tó béèrè iye owó, nọ́ńbà ni mo ń wá.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni mo pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Ìyá mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, mo sì máa ń bá wọn gbé ẹrù jáde ní ìdájí. Lọ́jọ́ kan mo kó jígí mẹ́ta dání, mo tẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan sórí tábìlì, mo ń fi wọ́n wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú jígí aláwọ̀ eérú, aṣọ kò yí padà, ó kàn ṣú sí i ni. Mo wá gbé aláwọ̀ ìyeyè sójú. Aró dúdú bí ìdí ìkòkò, gbogbo ilà funfun tí wọ́n fi ìyẹ́ fà sì yọ síta.

"Kí lò ń wò lára aṣọ mi?" Mo gbé e fún Màámi, àwọn náà wò ó. "Háà! Aró mi dà?"

Jígí ìyeyè máa ń dènà ìmọ́lẹ̀ búlúù. Ohun tó bá jẹ́ búlúù á dúdú, ìyókù á ta yọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú títì: ojú ọ̀run ló ń tanná sínú òjìji, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ní búlúù nínú, torí náà inú kòtò á dúdú sí i, etí rẹ̀ á hàn. Búráùn fẹ́ẹ́rẹ́ àti pínkì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí ilẹ̀ pupa tiwa yìí, búráùn fẹ́ẹ́rẹ́ ló tẹ́ mi lọ́rùn jù.

Ṣùgbọ́n kò sí jígí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ kún ìmọ́lẹ̀. Ó lè dà bíi pé ilẹ̀ mọ́ sí i, síbẹ̀ apá kan ti dínkù. Àbúrò mi ra awò ìyeyè kan tí wọ́n ní ó dára fún wíwa ọkọ̀ lálẹ́ lọ sí Èkó. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi bọ́ ọ. Jígí tí kò bá gba ìdá 75 wọlé, a kì í fi wakọ̀ lálẹ́.

Èyí tó ń pa àwọ̀ dà fúnra rẹ̀ dára, àmọ́ ó wọ́n, kì í sì í tètè mọ́ padà téèyàn bá wọ abẹ́ igi láti inú oòrùn. Mi ò fẹ́ràn polarized, ìyẹn jígí tó ń dín dídán tó ń ta padà láti ara nǹkan kù, lẹ́yìn òjò: ó máa ń pa dídán omi rẹ́ lójú títì, dídán yẹn ni mo fi ń mọ ibi tó ń yọ̀.

Ní báyìí, jígí tó mọ́ gaara ni mo fi ń jáde nílé. Polycarbonate, ìyẹn ike líle kan, ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ń dènà UV, ìtànṣán oòrùn tí a kì í fojú rí tó lè ba ojú jẹ́, bí kò tilẹ̀ ní àwọ̀ kankan. Búráùn fẹ́ẹ́rẹ́, nọ́ńbà 1, wà nínú àpò ẹ̀yìn mi, mo fi àjákù àdìrẹ tí Màámi fún mi wé e. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́ díẹ̀, màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti pààrọ̀ wọn. Wọn ò tíì dí kòtò yẹn. Mo máa ń rí i láti ọ̀ọ́kán, màá sì yà fún un.