Ẹ Fi Pístìnì Sílẹ̀ Ná

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ẹ́ńjìnnì níbí ní Houston, oníbàárà kan ń bọ̀ wá bá yín láìpẹ́. Chevrolet Silverado àtijọ́, ọkọ̀ akẹ́rù, ló máa wà wá, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 5.3. Ó ti ra tọ́bò olówó pọ́ọ́kú, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì, owó tó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ ò tó nǹkan, ohun tó sì máa kọ́kọ́ tẹnu ẹ̀ jáde ni pé kẹ́ ẹ bá òun yọ pístìnì tó bá ọkọ̀ wá, ìyẹn irin tó ń lọ sókè sódò nínú síléńdà, èyí tí wọ́n yọ́ dà, kẹ́ ẹ fi forged, èyí tí wọ́n rọ, rọ́pò ẹ̀. Ẹ má tíì gbowó lọ́wọ́ ẹ̀.

Iye tó wà lára páálí pístìnì kọ́ ni iye iṣẹ́ náà. Nínú ọ̀pọ̀ 5.3 tó kọ́kọ́ jáde, láti 1999 lọ, ńṣe ni wọ́n fi agbára tẹ píìnì tó di pístìnì mú há sínú kọ́nrọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so pístìnì mọ́ kíráńkì. Pístìnì forged tó wà lọ́jà sì sábà máa ń fẹ́ píìnì tó ń yí fúnra ẹ̀. Ẹ máa fi búṣì, òrùka tí píìnì á máa yí nínú ẹ̀, sí kọ́nrọ́ọ̀dù nìyẹn, tàbí kẹ́ ẹ ra òmíràn. Wọ́n máa ríbóò blọ́ọ̀kù, ìyẹn ni pé wọ́n á gbẹ́ ihò síléńdà fẹ̀ sí i, wọ́n á tún bálánsì kíráńkì torí pé ìwọ̀n pístìnì ti yí padà. Ríìngì tó yí pístìnì ká, bíárìn, gáàsíkẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹ̀ tuntun. Bóòtù tó de orí ẹ́ńjìnnì yìí gan-an, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò ó, torí tẹ́ ẹ bá ti dè é tán, ó ti nà. Ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ tó dá ọkùnrin yẹn lóhùn.

Kí ló tiẹ̀ ń pa pístìnì tó bá ọkọ̀ wá? Ooru ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí tọ́bò bá ń ti afẹ́fẹ́ wọlé, ríìngì á gbóná, á gùn sí i, ẹnu ẹ̀ méjèèjì á kanra. Tí kò bá ríbi gùn sí mọ́, á há mọ́ síléńdà, á sì fa etí pístìnì tó wà láàárín ríìngì kìíní àti ìkejì já. Tẹ́ ẹ bá tú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ẹ wo ẹnu ríìngì, ẹ máa rí i tó ń dán níbi tó ti ń fara gbo ara. Olówó ọkọ̀ á ní pístìnì ò lágbára. Àlàfo ẹnu ríìngì ló kéré.

Ibẹ̀ ni owó táṣẹ́rẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Fún ẹ́ńjìnnì tó ní tọ́bò, wọ́n sábà máa ń fi nǹkan bíi 0.006 sọ ìbú síléńdà di púpọ̀ kí wọ́n lè mọ bí àlàfo ríìngì àkọ́kọ́ ṣe máa fẹ̀ tó. Ìbú ti 5.3 jẹ́ íńṣì 3.78, èsì ẹ̀ á sún mọ́ íńṣì 0.023. Àlàfo ríìngì kejì ò gbọdọ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tó bá ríìngì yín wá lẹ máa tẹ̀ lé o, kì í ṣe ẹnu tèmi.

Ẹ ti ríìngì sínú síléńdà tó máa gbé gan-an, ẹ dorí pístìnì kodò kẹ́ ẹ fi tì í wọlé kó lè dúró déédéé, ẹ wá ki fíilà géèjì, ewé irin tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, sí àlàfo ẹ̀. Bí kò bá tó, ẹnu kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fá, láti ẹ̀gbẹ́ ìta wọ inú, kí ohun tí wọ́n fi bo ojú ẹ̀ má baà ṣí. Ẹ yọ irun irin tó bá kù. Ẹ fá a díẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ tún fá a. Tẹ́ ẹ bá fá a kọjá, kò sí àtúnṣe. Iṣẹ́ yìí máa ń sú àwọn ọmọṣẹ́, èmi ò mọ̀dí ẹ̀, torí mo fẹ́ràn ẹ̀ ju kí n máa tú bóòtù lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, epo àti túúnì, ìyẹn bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ṣe ń pín epo àti iná. Ẹ́ńjìnnì tó ń dún kọ́kọ́kọ́ torí pé epo ń bú gbàmù lódì, pístìnì forged á kàn pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó fọ́ ni. Àwọn ilé epo kan níbí ń ta E85, tí ẹtanọ́ọ̀lù inú ẹ̀ wà láàárín 51 sí 83 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì máa ń dín gbígbá yẹn kù. Àmọ́ ọkọ̀ á mu ún ju bẹntiróòlù lọ, injẹ́kítọ̀ tó ń fọ́n epo àti pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ lè gbé e.

Bó bá ṣì ní pístìnì lòún fẹ́, ẹ bi í pé kí ló ń fọkọ̀ ṣe, torí oríṣi àlúmíníọ́mù tí wọ́n fi rọ pístìnì ò dọ́gba. Àlúmíníọ́mù 4032 ní sílíkọ́ọ̀nù tó tó nǹkan bíi 12 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í wú púpọ̀, ẹ lè fún un mọ́ síléńdà díẹ̀. 2618 fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní sílíkọ́ọ̀nù rárá. Kì í tètè fọ́, ṣùgbọ́n ó ń wú, àlàfo tó wà láàárín ẹ̀ àti síléńdà gbọ́dọ̀ tóbi, á sì máa pariwo láràárọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ọkọ̀ tó ń fa tírélà lọ síbi iṣẹ́, 4032 ni màá fi sí i. 2618 di ti ẹni tó fẹ́ sáré ìje.

Tí pístìnì bá dé, ibi tí ìwé ẹ̀ bá ní kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n, nísàlẹ̀ lára yẹ̀rì ẹ̀, ni kẹ́ ẹ gbé maikiromítà tẹ́ ẹ fi ń wọn nǹkan sí, torí orí ẹ̀ kéré sí ìsàlẹ̀. Kẹ́ ẹ wá kó pístìnì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fún ẹni tó máa ríbóò kó tó fọwọ́ kan blọ́ọ̀kù. Bó bá ní òun ò nílò wọn, ẹ gbé blọ́ọ̀kù yín lọ síbòmíràn.