Ẹ̀rọ ìfọbọ́ Màmá àti omi kànga wa ní Kàbà: àkọsílẹ̀ iṣẹ́

Sátidé, ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún, 2025

Ẹ̀rọ ìfọbọ́ náà dé láti Àbújá ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn àbúrò mi ló dáwó jọ rà á fún Màmá, nítorí oríkèé ọwọ́ ń dùn wọ́n, omi tútù ìdájí kì í sì í jẹ́ kí ọwọ́ náà sinmi. Màmá jáde sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kí awakọ̀ ní "Okun ó", wọ́n ní kó jókòó jẹun ná. Ìgbà tó jẹun tán ni wọ́n tó wá fọwọ́ kan páálí náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yẹ ọmọ tuntun wò. Èmi ni mo wà nílé pẹ̀lú wọn, mo sì fẹ́ràn kí n máa tú nǹkan kí n máa tò ó, nítorí náà ọwọ́ mi ni iṣẹ́ yìí bọ́ sí. Bó bá ṣe ń lọ ni mo fẹ́ máa kọ sílẹ̀.

N kò tí ì so ó mọ́ omi. Omi wa gan-an ló ń kọ mí lóminú. Omi kànga ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ilé mọ́ gaara, kò lóòórùn, ó dùn ún mu. Àmọ́ ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ dáadáa. Èèpo funfun ti bo inú kẹ́tùlù wa, ọsàn wẹ́wẹ́ ni Màmá fi ń ha á. Gíláàsì mẹ́fà tí Bàbá rà fún wọn ní Lọ́kọ́jà kí wọ́n tó kúrò láyé ti ṣú bí ìgbà ọyẹ́. Tí mo bá kàn ki ẹ̀rọ bọ inú irú omi bẹ́ẹ̀, èèpo yẹn ni yóò máa fi kun abọ́, yóò sì bo irin tó ń gbé omi kaná nínú rẹ̀. Nítorí náà, omi ni mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Sọ́ńdè, ọjọ́ 4

Òjò rọ̀ lóru. Mo gba omi rẹ̀ sínú báàfù láti ojú ọ̀run tààrà, kì í ṣe láti orí páànù. Lẹ́yìn ìsìn, mo wá ìgò ike mẹ́ta tí kò ní ìdọ̀tí kankan. Mo bu omi òjò sí àkọ́kọ́, omi kànga sí ìkejì. Ìkẹta, omi kànga ni, ṣùgbọ́n mo ti sè é, mo jẹ́ kó tutù, mo sì fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Mo gé ọṣẹ dúdú Màmá wẹ́wẹ́, ìwọ̀n kan náà sí ìgò kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọṣọ, torí omi tó le, irú èyí tí ọṣẹ lásán kì í hó nínú rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́ kó hó, irọ́ ni ì bá sì pa fún mi.

Mo mì wọ́n títí. Ti òjò hó dé ẹnu ìgò, ìfófó náà sì dúró. Ti kànga kò hó rárá, ńṣe ló funfun bí omi ògì, nǹkan bí ọ̀rá tó dì sì ń léfòó lórí rẹ̀. Èyí tí mo sè hó díẹ̀.

Ìgò kẹta yìí ló dùn mọ́ mi jù lọ. Ohun tó mú omi le, kalsíọ̀mù àti magnísíọ̀mù ni. Bí òjò ti ń rọ̀, ó ń mú afẹ́fẹ́ kábónì díẹ̀ dání, ó tún ń rí púpọ̀ sí i nínú ilẹ̀, ìyẹn á sọ ọ́ di ásíìdì tó rọra ń yọ́ òkúta. Ohun tó bá yọ́ lára òkúta ló ń bá omi wọnú kànga. Apá kan nínú rẹ̀ máa ń jábọ́ tí omi bá gbóná, ìyẹn ni èèpo inú kẹ́tùlù. Apá kejì kì í gbọ́ ti iná, bó ti wù kí a sè é tó, inú omi ló máa wà. Ìdí nìyẹn tí ìgò kẹta fi hó, tí kò sì hó tó ti òjò.

Ilẹ̀ wa níbí, òkúta láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Obajana kọjá sí Lọ́kọ́jà ti rí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ńlá tó wà níbẹ̀, ó sì mọ òkúta mábù funfun tí wọ́n ń wà ní Jakura. Kalsíọ̀mù kábónéètì ni mábù yẹn, ohun kan náà pẹ̀lú èèpo kẹ́tùlù Màmá. N kò sọ pé mábù wà lábẹ́ ilé wa. Kànga méjì tí ògiri kan ṣoṣo pààlà sáàárín wọn lè má bára wọn dọ́gba, nítorí ojú sísán òkúta tí omi ń gbà kì í ṣe ọ̀kan. Kí olúkúlùkù dán omi tirẹ̀ wò.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ 7

Àbúrò mi obìnrin fi ìgò kékeré kan ránṣẹ́ láti Àbújá, irú èyí tí àwọn tó ń sin ẹja sínú gíláàsì fi ń wọn omi. Mílílítà 5 omi la ó bù, a ó máa kán oògùn náà sí i lẹ́kán kọ̀ọ̀kan, a ó sì máa kà títí àwọ̀ yóò fi kúrò ní pupa bọ́ sí àwọ̀ ewé. Ẹ̀kán 1 dúró fún ìwọ̀n 1 lórí òṣùwọ̀n Jámánì tí a fi ń mọ bí omi ti le tó, èyí tó tó nǹkan bí mílígíráàmù 17.8 kalsíọ̀mù kábónéètì nínú lítà omi kan.

Omi òjò: ẹ̀kán àkọ́kọ́ ló ti di àwọ̀ ewé. Omi kànga: 19. Mo tún un ṣe, 19 náà ni. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílígíráàmù 340 nínú lítà kan. Mo pe Màmá kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n ní, "Mo ti ń sọ ọ́ fún bàbá yín láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ kànga yìí pé omi rẹ̀ ń jẹ ọṣẹ." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọṣẹ kì í ráyè fọ nǹkan kan tí kalsíọ̀mù kò bá tí ì gba tirẹ̀ tán.

Ẹ̀rọ náà ní ipele tí a fi ń sọ fún un bí omi ti le tó. Nínú ìwé rẹ̀, ipele 4 ni wọ́n ti tò ó sí láti ilé iṣẹ́, fún omi tó wà ní ìwọ̀n 13 sí 16. Ipele 5 wà fún 17 sí 21. Ipele 5 ni tiwa.

Sátidé, ọjọ́ 10

Púlọ́ńbà wá. Ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù mí lọ ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ìṣòro kan ló wà: ẹ̀rọ ń fẹ́ kí omi fi agbára bár 0.5 ó kéré tán wọlé. Mítà 10 gíga omi ló ń fúnni ní bár 1, àfo láti ìsàlẹ̀ táǹkì wa dé ẹnu ẹ̀rọ kò sì ju mítà 4 lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí a gbé táǹkì sókè ni?" Wọ́n ní irin tó gbé e dúró ti gbó, kí n má dán an wò. A fi páǹpù kékeré sáàárín. A gbé ọ̀pá omi ìdọ̀tí sókè díẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ bọ́ sí góta, kí omi ẹlẹ́gbin má baà padà wọlé. Ti iná, mo fa wáyà tó nípọn fún un lọ́tọ̀, nítorí wáàtì 2,000 lé ni irin tó ń gbé omi kaná ń fà.

Sátidé kan náà, lálẹ́

Iyọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti ṣe àṣìṣe.

Nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, ìkòkò kan wà tí wóró rẹ́sììnì, ìyẹn wóró ike kéékèèké, kún inú rẹ̀. Sódíọ̀mù ló jókòó sára àwọn wóró náà. Bí omi wa bá ń gba àárín wọn kọjá, kalsíọ̀mù á gba ìjókòó, sódíọ̀mù á dìde bá omi lọ. Kalsíọ̀mù kan ń lé sódíọ̀mù méjì dìde. Sódíọ̀mù kì í di èèpo, omi á sì rọ̀. Nígbà tó bá yá, kalsíọ̀mù á ti gba gbogbo ìjókòó tán. Ibẹ̀ ni iyọ̀ ti wúlò: ẹ̀rọ á da omi iyọ̀ tó ki gba orí wóró náà, sódíọ̀mù á pọ̀ débi pé wọ́n á gba ìjókòó wọn padà, kalsíọ̀mù á bá omi ìdọ̀tí jáde. Ipele tí a bá tò ó sí ló ń sọ fún un bí yóò ti máa ṣe èyí léraléra tó. Tí a bá fi ipele tó kéré purọ́ fún un, wóró á ti kún kó tó rántí.

Iyọ̀ ìsebẹ̀ kò dára fún un. Wọ́n ti fi áyódíìnì sí tiwa ní Nàìjíríà, èyí sì dára fún ara wa, ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń fi èròjà tí kì í jẹ́ kó dì sí iyọ̀ lẹ́bú, ìyẹn sì lè dí wóró náà pa. Iyọ̀ oníhóró ńlá tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ ìfọbọ́ ni mo ní kí wọ́n rà ní Àbújá, wọ́n fi mọ́tò ránṣẹ́, kílò 3.

Mo kọ́kọ́ rọ omi lítà 1 sí ìkòkò iyọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ń ṣe ìyẹn, nígbà àkọ́kọ́. Mo wá fi àrọ da iyọ̀ sí i, omi sì ń ṣàn jáde bí iyọ̀ ti ń wọlé, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí mo ti fẹ́ tẹ bọ́tìnì kí ẹ̀rọ fi omi ṣan ara rẹ̀, iná lọ. Omi iyọ̀ dúró sórí irin ilẹ̀ ẹ̀rọ. Mo fi kànìnkànìn nù ún, mo rò pé ó tán.

Sọ́ńdè, ọjọ́ 11

Àmì ìpáta kékeré méjì wà lábẹ́ ibi tí abẹ́bẹ̀ omi ń yí. Ó dùn mí gan-an. Mo fi fínígà díẹ̀ nù wọ́n, wọ́n kúrò, irin náà kò sì tí ì jẹ. Láti ìsinsìnyí lọ, n kò ní da iyọ̀ sí i láìjẹ́ pé iná dúró dáadáa, abọ́ sì ti wà nínú rẹ̀, kí n lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ 15

Ìfọ̀ àkọ́kọ́. Abọ́ mọ́, ṣùgbọ́n tóótòòtó funfun wà lára ife. Mo yẹ ẹ̀rọ wò, mo rí i pé ipele 4 ló ṣì wà: mo yan 5 lọ́jọ́ náà, n kò tẹ bọ́tìnì mú títí tí yóò fi gbà á, ó sì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Mo tún un tò, mo dúró títí iná rẹ̀ fi ṣẹ́jú.

N kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Tí mo bá yí nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà, n kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Sátidé, ọjọ́ 17

Ipele 5, ìfọ̀ kejì. Tóótòòtó dínkù, kò tán. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ fi omi lásán ṣan, láìsí ọṣẹ, mo sì bu omi tó kù nísàlẹ̀ rẹ̀ láti kán oògùn sí i. Ẹ̀kán 4! Láti orí 19 bọ́ sí 4. Mo pariwo débi pé Màmá sáré wọlé wá bi mí bóyá iná gbé mi.

Omi ti rọ̀ nígbà náà, ohun tó kù ni oògùn ìṣan tí a ń dà sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, èyí tó ń mú kí omi ṣàn kúrò lára abọ́ dípò kó dì sí i ní ẹ̀kán ẹ̀kán. Ó wà ní 2, mo gbé e sí 4. Tó bá pọ̀ jù, ìlà aláwọ̀ aró ni ẹ ó rí lára gíláàsì.

Sátidé, ọjọ́ 31

Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá lórí ipele 5 àti oògùn 4. Ife ń jáde láìní àbàwọ́n. Abọ́ iyán ló le jù, torí iyán tó bá gbẹ mọ́ abọ́ kì í gbọ́ ti omi tó gbóná dé ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì 50. Ìwọ̀n 65 ni mo ń fi wọ́n sí báyìí, tàbí kí a fi omi ṣan wọ́n kí wọ́n tó gbẹ. Mo kọ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kó má fi ìkòkò alumíníọ̀mù sí i, nítorí ọṣẹ rẹ̀ á sọ ọ́ dúdú. Ọmọrogún àti igbá kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá.

Gíláàsì Bàbá: n kò kọ́kọ́ gbé wọn sẹ́nu ẹ̀rọ. Mo rẹ wọ́n sínú fínígà gbígbóná wákàtí kan. Tó bá jẹ́ èèpo omi, fínígà á yọ́ ọ. Tó bá jẹ́ pé gíláàsì fúnra rẹ̀ ló ti jẹ, kò sí ohun tó lè dá a padà. Márùn-ún mọ́ gaara. Ẹ̀kẹfà ṣì ṣú. Màmá gba ìyẹn lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n má fi í sínú ẹ̀rọ láé, ọwọ́ wọn ni wọ́n ó máa fi fọ̀ ọ́, pẹ̀lú omi òjò.

Iyọ̀ tó kù tó kílò 1 àti ààbọ̀, ó wà nínú ike oníderí lábẹ́ síǹkì. Mo ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà pé kí n tún ka ẹ̀kán omi kànga ní oṣù kejì, nígbà tí ẹ̀rùn bá mú, tí kànga bá lọ sílẹ̀.